Ìwé Tí Mo Fọwọ́ Sí Kí Àgbà Lè Dìde

Caleb àbúrò mi kò mutí rí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn ná kí n tó sọ nǹkan míì, torí bí ẹ bá dé Ìgbòho lónìí tí ẹ béèrè Caleb Ògúndìran, Bàbá Ọpẹ́, wọ́n á ní èèyàn dáadáa ni, ọtí ló ṣe é léṣe, àmọ́ ó ronú pìwà dà kó tó kú. Irọ́ ni. Irọ́ gbuu ni. Ẹ jókòó kí n rò ó fún yín bó ṣe jẹ́, ẹ má sì já lu ọ̀rọ̀ mi.

Mọ́ládé lorúkọ mi. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ní Ṣakí kí n tó fẹ̀yìn tì. Bí ẹ bá béèrè mi lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké tó ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi, wọ́n á ní ẹnu mi mú bí abẹ. Wọn ò purọ́ mọ́ mi. Ẹni tó bá fọwọ́ sí ohun tí kò kà nínú ìwé aláìsàn, lójú gbogbo èèyàn ni mo ti máa ń bú u. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ju Caleb lọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá wa kú, bàbá wa sì wà níbẹ̀ bí ẹni tí kò sí, torí ọtí. Ó mutí títí ó fi ta oko. Èmi ni mo ń wẹ̀ fún Caleb, èmi ni mo ń mú un lọ sílé ìwé, èmi náà ni mo ń fọwọ́ sí káàdì ìdánwò ẹ̀ níbi tó yẹ kí òbí fọwọ́ sí. M ńlá kan ni mo máa ń kọ, ìrù ẹ̀ á sì wọ́ lọ títí dé etí ìwé. Mi ò tíì yí i padà di òní. Ọjọ́ tí ọtí pa bàbá wa, Caleb ò ju ọmọ ọdún méjìlá lọ. Ó dúró ti sàréè, ó ní ohun tó pa bàbá òun kò ní kan ètè òun láéláé. Kò sì kàn án. Níbi ìgbéyàwó ẹ̀ gan-an, mínírà ni gbogbo àlejò mu, àwọn kan sì ń kùn pé irú ìnáwó wo nìyí.

Àgbẹ̀ iṣu ni. Bí ẹ bá rí ebè tí Caleb kọ, ẹ̀ẹ́ rò pé okùn ló fi wọ̀n ọ́n. Òun náà ló ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Tí iṣu bá ti wọlé tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń lọ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe gààrí, lọ́dọ̀ Alàgbà Peter Ṣàngóbùnmi, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ wọn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ni Caleb ń bójú tó. Irin pẹlẹbẹ kan wà tó yẹ kó bo bẹ́líìtì ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n irin yẹn ti jábọ́ láti Kérésì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Caleb sọ fún Alàgbà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Alàgbà ní kó ní sùúrù, wẹ́dà tó máa jó o padà ń bọ̀.

Wẹ́dà ò dé. Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kejì, bẹ́líìtì gbá apá ẹ̀wù Caleb mú, ó sì fa ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ wọlé. Samsudeen, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló sáré pa ẹ̀rọ. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ọwọ́ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ọrùn ọwọ́ ni wọ́n ti gé e.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọsibítù, mo wà lọ́dọ̀ wọn ní Ìgbòho. Caleb ti lo oògùn ìrora, ó ń sùn nínú yàrá. Ìyàwó ẹ̀, Ọmọ́tóyọ̀sí, ti lọ pọnmi. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí Alàgbà Ṣàngóbùnmi wọlé pẹ̀lú àgbà ìjọ méjì míì. Wọ́n gbé iṣu àti epo lọ́wọ́. Kí n tó ní "ẹ káàbọ̀", àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Háà! Bàbá tó ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún! Ọkùnrin tí èmi ń kúnlẹ̀ kí, òun ló nà sílẹ̀ níwájú mi, tí irùngbọ̀n funfun ń wọ́ nínú eruku.

"Ẹ dìde, sà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde!" Èmi náà ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"A ò ní dìde, Mọ́mì Nọ́ọ̀sì," Alàgbà ní, "àfi tí ẹ bá bá wa gbà á. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ṣebí òsì la ó fi fà á mọ́ra."

Ẹ ò rí òwe tó rí pa nínú ilé ẹni tí ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ti lọ! Ibẹ̀ ló yẹ kí ojú mi ti là.

Ọ̀kan nínú wọn fa ìwé yọ lápò láti orí ìdọ̀bálẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní ìwé àlàáfíà ni, pé a ti parí ẹ̀ bí ọmọ ìyá, kí ẹnì kan má tún lọ dá a sílẹ̀ lọ́la. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ó kún ojú ìwé kan. Awò ojú mi wà nínú báàgì, báàgì sì wà nínú yàrá tí Caleb ń sùn sí. Ṣé kí n dìde lọ wá awò, kí n padà wá jókòó, kí n máa ka Gẹ̀ẹ́sì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àgbàlagbà máa fi àyà lélẹ̀ dè mí? Ìyá wa ò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Bí àgbà bá wólẹ̀ fún ọ, kíákíá lo ó gbé e dìde, ohun yòówù kó máa bẹ̀bẹ̀ fún. Mo gba bírò, mo fọwọ́ sí i. Alàgbà dìde, ó gbọn eruku lára, ó sì súre fún mi.

Nígbà tí Caleb jí, mo sọ fún un pé wọ́n wá bẹ̀bẹ̀, mo sì ti gba ẹ̀bẹ̀ wọn. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí mi." Mi ò mẹ́nu kan ìwé. Mi ò tiẹ̀ ka ìwé náà sí nǹkan kan.

Kò pé oṣù méjì tí ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì fi ránṣẹ́ pe Caleb. Wọ́n ní ó mutí lọ́jọ́ náà, ọtí ló jẹ́ kó ki ọwọ́ bọ ẹ̀rọ, àwọn sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n fi ẹ̀rí han òun. Wọ́n ní òun náà mọ ohun tó ṣe. Bí wọ́n ṣe gba okùn agogo lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn. Wọ́n fi í sábẹ́ ìbáwí, ó di ìjókòó ẹ̀yìn, kò sì gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ Olúwa títí yóò fi jẹ́wọ́. Ìgboro kò ṣe méní ṣe méjì, wọ́n gbà á gbọ́. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ bàbá ẹ̀ ló ń ṣe é. Ọpẹ́, ọmọbìnrin ẹ̀ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, ń ti ilé ìwé sunkún bọ̀ lójoojúmọ́.

Caleb wá bá mi ní Ṣakí.

"Àǹtí mi," ó ní, "ọwọ́ ti lọ, mo ti sunkún ẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n kí wọ́n máa pe èmi ní ọ̀mùtí? Èmi? Ẹ bá mi wá ẹni tó máa mú Alàgbà sọ òótọ́. Kó kàn sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí Ọpẹ́ gbọ́ ọ létí."

Inú bí mi débi pé mo ṣépè. Mo ní ẹni tó gbé ẹ̀rí èké yẹn kalẹ̀, Ọlọ́run á bá a jà. Orí ara mi ni mo ń ṣẹ́ ẹ lé, mi ò mọ̀.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá lọ́yà nìyẹn. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló ń sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Mo ní ta ló ń bá wọn ṣọ̀rẹ́ tẹ́lẹ̀? Ọkùnrin àkọ́kọ́ tí mo bá nítòsí kóòtù wọ ẹ̀wù dúdú bíi ti lọ́yà tó ti pọ́n létí, ó sì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bíi kó fọ́ àwo. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo ọ̀rọ̀ lé e lọ́wọ́ kí ẹnì kan tó rọra fà mí sẹ́yìn pé akọ̀wé lẹ́tà ni, kì í ṣe lọ́yà. Mo bú u dáadáa kí n tó kúrò níbẹ̀. Ẹnì kejì jẹ́ lọ́yà gidi, àmọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ àti ẹjọ́ oyè nìkan ló ń ṣe, bó sì ṣe gbọ́ orúkọ Ṣàngóbùnmi báyìí, ó pa ìwé ẹ̀ dé. Ó ní, "Mọ́mì, mọ̀lẹ́bí ìyá mi ni bàbá yẹn." Ó ṣáà jẹ́ olóòótọ́. Nọ́ọ̀sì kan tí a jọ ṣiṣẹ́ rí ló wá sọ fún mi nípa obìnrin kan ní Ìṣẹ́yìn, tó jẹ́ pé ẹjọ́ àwọn tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ló ń ṣe jù.

Olúwafọlákẹ́mi Mákánjúọlá lorúkọ ẹ̀. Òkè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta òwú aṣọ òfì ni ọ́fíìsì ẹ̀ wà. Ó kéré lójú, mo lè bí i, ó sì kúnlẹ̀ kí mi kó tó jókòó sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀. Kò fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn wá. Ó ní ẹjọ́ lè pẹ́, òun ò sì ní ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ òun. Ó béèrè bí ẹ̀rọ ṣe rí, ó béèrè ìwé ọsibítù, ó béèrè ta ló wà níbẹ̀. Caleb dárúkọ Samsudeen, pé ó ṣe tán láti wá sọ ohun tó rí. Mo rí i pé àbúrò mi ti ń tújú ká díẹ̀díẹ̀.

"Ó ku ìbéèrè kan," lọ́yà ní. "Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni nínú yín ti fọwọ́ sí ìwé kankan fún Alàgbà yìí?"

Caleb gbé apá kúkúrú yẹn sókè, ó rẹ́rìn-ín. "Lọ́yà, ọwọ́ wo ni màá fi sí i?"

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò tíì kúrò lẹ́nu mi tí mo fi rántí. Mo jẹ́ kí ìbéèrè yẹn kọjá. Mo sọ fún ara mi pé ìwé ẹ̀bẹ̀ lásán ni, kò kan ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó kàn án. Ẹni tó fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n pariwo lé ọmọ ọlọ́mọ lórí pé kí wọ́n kàwé kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, ṣé òun ni kò ní mọ̀?

Lọ́yà kọ̀wé sí Alàgbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó pè wá padà sí Ìṣẹ́yìn. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó tẹ́ ẹ̀dà ìwé kan sórí tábìlì, ó sì túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá fún wa: pé èmi, Caleb Ògúndìran, jẹ́wọ́ pé mo mutí lọ́jọ́ náà, pé Alàgbà kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́, pé ẹ̀bi mi ni, mi ò sì ní pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló fọwọ́ sí i lórúkọ ẹ̀. Ó ní ìwé yìí kan náà ni wọ́n ti gbé fún ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì.

Caleb fi ìka òsì tọ ìrù M yẹn lẹ́sẹẹsẹ títí dé etí ìwé. Ó mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń kọ ọ́ sórí káàdì ẹ̀.

Mo ké, mo jábọ́ lórí àga, mo rò ó fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lọ́yà gbé mi dìde. Ó ní ọ̀nà kan ṣì wà: kí n lọ búra, kí n dúró níwájú adájọ́, kí n sọ pé Caleb ò rán mi níṣẹ́, pé mi ò ka ìwé náà kí n tó fọwọ́ sí i. "Ṣùgbọ́n Mọ́mì, wọn ò ní rọra bi yín o. Wọ́n á ní ṣé nọ́ọ̀sì ni yín, ṣé ẹ mọ̀wé, ṣé bí ẹ ṣe máa ń fọwọ́ sí ohun tí ẹ ò kà nípa àwọn aláìsàn nìyẹn. Gbogbo ayé ló máa gbọ́."

Mo wo ilẹ̀. Mo ní kí wọ́n fún mi lọ́sẹ̀ kan kí n rò ó.

Ọ̀sẹ̀ kan! Kí ni mo fẹ́ rò? Ọmọ tí mo tọ́ jókòó níbẹ̀ láìní ọwọ́, láìní orúkọ, orúkọ tèmi ni mò ń rò.

Bí a ṣe ń padà sílé, nígbà tí mọ́tò dúró ní Òtu, Caleb ra ẹ̀pà, ó gbé e fún mi pé kí n bá òun bó o, torí ọwọ́ kan ò lè bó ẹ̀pà. Mò ń bó o, ó ń jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àǹtí mi, ẹ rántí káàdì mi ti píráímárì kẹta?"

Mo rántí. Nínú ogójì ọmọ, ipò kejìdínlógójì ló mú. Bàbá ti búra pé bó bá tún fìdí rẹmi, òun á dá a lẹ́sẹ̀. Mo fọwọ́ sí káàdì yẹn, mo rì í mọ́ abẹ́ àpótí, mo sọ fún bàbá pé èmi ni mo sọ ọ́ nù lọ́nà omi. Èmi ni bàbá nà lọ́jọ́ yẹn.

"Wọ́n nà yín títí, ẹ ò sọ," Caleb ní. Ó da ẹ̀pà sẹ́nu.

Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi bá ara mi jà. Mo rò nípa ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ṣakí, tí èmi jẹ́ olórí wọn. Mo rò nípa àwọn nọ́ọ̀sì tí mo ti bú. Lọ́jọ́ keje, mo wọṣọ, mo wọ mọ́tò àárọ̀, mo gba Ìṣẹ́yìn lọ, mo ti pinnu pé kí ojú tì mí, kó tì mí pa.

Lọ́yà Fọlákẹ́mi wò mí. "Mọ́mì, ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Àbúrò yín ti wá síbí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n ní àwọn ò ṣe ẹjọ́ mọ́. Mo béèrè pé kí ló dé, wọ́n ní òótọ́ ni ohun tó wà nínú ìwé, àwọn mutí. Mi ò gbà wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn ló ni ẹjọ́." Ó fi ìwé tí Caleb fọwọ́ sí hàn mí. Ọwọ́ òsì ló fi kọ ọ́, ó wọ́ wálẹ̀ bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé.

Mi ò dúró ní Ṣakí, mo kọjá sí Ìgbòho. Oko ni mo ti bá a, ó ń fi ọwọ́ òsì àti igbọ̀nwọ́ ọ̀tún kọ ebè. Ebè náà wọ́. Mo pariwo lé e lórí bíi pé ọmọ ọdún mẹ́fà ṣì ni. Ó jẹ́ kí n pariwo tán.

"Àǹtí mi, orúkọ tèmi ti bàjẹ́ tán," ó ní. "Kí la tún fẹ́ ba tiyín jẹ́ sí?"

Ó ní kí n fi ìyá wa búra pé mi ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà láyé. Mo kọ̀, mo tún kọ̀, nígbà tó yá mo búra. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù níbẹ̀: inú mi dùn díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Àyà mi fúyẹ́ díẹ̀ nígbà tí mo búra tán. Ọlọ́run ò ní gbàgbé ìyẹn fún mi.

Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, Caleb dìde ní ìjókòó ẹ̀yìn, ó sì jẹ́wọ́ ọtí tí kò mu. Ìjọ ké "Halelúyà". Alàgbà Ṣàngóbùnmi dì mọ́ ọn, wọ́n sì dá okùn agogo padà fún un. Mo wà níbẹ̀. Mo tẹjú mọ́ ìwé orin. Ọpẹ́ jókòó tì mí, ó ń wo bàbá ẹ̀, omi ń bọ́ lójú ẹ̀.

Ọdún méjì ló fi lu agogo yẹn. Òjò tó kọjá yìí ni ibà dá a dùbúlẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin péré. Mo dé ibẹ̀, mo fún un lábẹ́rẹ́, mo ṣe gbogbo ohun tí mo mọ̀. Ó lọ.

Níbi ìsìnkú, pásítọ̀ ní kí àwọn ọ̀dọ́ fi Caleb kọ́gbọ́n, ẹni tí ọtí ti gbé lọ tán, tí Olúwa sì fà á yọ. Ìbúra mi ti parí. Mo dìde. Mo sọ gbogbo ẹ̀ síta, irin tó jábọ́, ìdọ̀bálẹ̀, ìwé, M tó nírù. Mo ní, "Kò mutí rí! Èmi ni mo fọwọ́ sí i! Èmi ni!"

Wọ́n ń wò mí pẹ̀lú àánú. Alàgbà fúnra ẹ̀ ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi, ó ń tẹ̀ lé ọ̀pá. "Ẹ má dá Mọ́mì Nọ́ọ̀sì lóhùn," ó sọ fún àwọn èèyàn. "Ìbànújẹ́ ni. Àwọn ló tọ́ Caleb dàgbà."

"Nọ́ọ̀sì wa yìí kọ́ ló máa fọwọ́ sí ohun tí wọn ò kà," obìnrin kan ní lẹ́yìn mi. "Ṣebí ẹnu ara ẹ̀ ni Bàbá Ọpẹ́ fi jẹ́wọ́."

Mo wá ojú Ọpẹ́. Ó ti dorí kodò.

Wọ́n dì mí lápá mú, wọ́n rọra mú mi jókòó. Ẹnì kan gbé omi tútù wá, ó ní kí n mu ún, ọkàn mi á balẹ̀. Mo gbà á, mo sì mu ún.